Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ta Ìwé Amẹ́ríkà ní Ọ̀wọ̀

Ọmọ ọmọ mi, Fadékẹ́mi, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ní yunifásítì. Baba rẹ̀, ọmọ tí mo fi inú mi bí, ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé ìtàn kì í wo ibà sàn. Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi. Wọ́n rò pé n kò ní lè dá sí i, èmi tí mo fi Sítáńdáàdì Kejì sílẹ̀ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín èso ọsàn sí ìdajì lórí pátákó dúdú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ohun tó bọ́ wọn ni? Ìwé Amẹ́ríkà ló kọ́ ilé tí wọ́n dúró sí yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹ gbọ́ tèmi náà kí ẹ tó tẹ̀lé ti baba Fadékẹ́mi.

Kí a tó gba òmìnira ni mo bẹ̀rẹ̀, ní àwọn ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo ènìyàn ń wá ìwé bí ẹni ń wá omi lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá kan wà lọ́jà Ọ̀wọ̀ tí a ń pè ní Ìyá Oníwèé. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà wò mí láti orí dé àtàǹpàkò, ó béèrè pé, "Ṣé ó lẹ́nu?" Bàbá mi ní, "Ẹnu rẹ̀ ni mo ń sá fún, ẹ bá mi gbà á." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá mi lọ́run.

Bíbélì, ìwé orin, síléètì àti ìwé ABD kì í pẹ́ tán lórí àtẹ wa. Ohun tí kì í lọ ni àwọn páálí tó wà lẹ́yìn. Ìwé Amẹ́ríkà ló wà nínú wọn, àlòkù, tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ń tà kí wọ́n tó padà sílé wọn. Kò sí àwòrán lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú wọn. Àwọn olùtajà yòókù ń fi tiwọn wé ẹ̀pà. Ìyá Oníwèé ní kí wọ́n máa wé e. Òun ní òfin tirẹ̀: ìwé tí o kò bá lè fi ẹnu sọ, o kò gbọdọ̀ gbé e síta. Bí o bá sì ń sọ ọ́, bí ó bá ti dé ibi tó dùn jù, pa ìwé dé. Ẹni tó bá fẹ́ ìyókù, kí ó rà á. Òfin kẹta ni pé a kì í fi ìwé tọrẹ, ì báà ṣe fún bíṣọ́ọ̀bù.

Ìyá yìí le o! Tí o bá fi itọ́ ṣí ewé ìwé, ìyẹn ni pé o ti fẹ́ jẹ ẹgba gbígbóná lọ́wọ́. Tí o bá sọ pé "ìtàn yìí dára," á ní, "Ṣé mo bi ọ́ léèrè?" Èyí tó wá le jù ni ìdánwò rẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á ní kí n sọ ìtàn.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Olóko ni, Màmá."

"Mo rò pé ẹrú rẹ̀ ni. Ohùn kan náà lo fún wọn. Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Èyí wá dà bí ẹlẹ́mu. Tún un sọ."

Bí mo bá sọ ọ́ tó dùn, kì í yìn mí. Ó kàn máa ń yí padà láti wò mí. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ́ pẹ́ pẹ́ kí ó tó yí padà fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì gbàgbé ìyókù ìtàn nítorí ìyàlẹ́nu. Ó ní òmùgọ̀ ni mí, ó tún kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹ ó béèrè pé báwo ni ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó ṣe ń sọ ìtàn inú ìwé òyìnbó. Tíṣà Jónà ni. Ọmọ Àkókó ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀wọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìtilẹ̀. Ó ń wá bí ìjọba yóò ṣe rán òun lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé, ó sì fẹ́ ka gbogbo ìwé wọn kí ó tó dé ibẹ̀. Kò lówó ìwé. Ìyá Oníwèé ní kí ó máa jókòó sí ìsọ̀ wa lẹ́yìn ilé ìwé, kí ó máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá lè máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Èmi ń gbọn eruku, òun ń kà, a ń bá ara wa jà.

Ohun kan tó sọ ló jí mi lójú oorun. Ó ní, "Adéòtí, ṣé o rí ìwé yìí? Àwọn dúdú Amẹ́ríkà tó wà nínú rẹ̀ kì í sọ òyìnbó bíi ti hẹdimásítà wa. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lóko ni ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́."

Mo ní, "Ṣé bí ìgbà tí èèyàn bá kọ ọ̀rọ̀ ará Imeri, àwọn aládùúgbò wa, sílẹ̀, tó sì fi í sílẹ̀ bí ará Imeri ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Wọn kò wá fìyà jẹ ẹ́?"

"Wọ́n yìn ín ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Tó bá kan dúdú inú ìwé, ohùn Ọ̀wọ̀ wa gan-an ni mo máa ń fún un, bí ìyá àgbà mi ṣe ń sọ ọ́ nídìí àdìrò. Tó bá kan olóko funfun, mo máa ń fún un ní Yorùbá inú ṣọ́ọ̀ṣì, tó gún régé bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Èrò á máa ya wá. Tíṣà tún kọ́ mi pé àwọn kan máa ń ti ìparí bẹ̀rẹ̀ ìtàn, pé àwọn mìíràn máa ń fi ìtàn sẹ́nu òmùgọ̀, kí ìwọ tó ń kà á lè rí ohun tí òmùgọ̀ kò rí. Mo ní ìyẹn kò ṣàjèjì: ìyàwó ilé tó ń ròyìn ìjà, ohun tó fò ni kí o fi ọgbọ́n wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó gbóná.

Ìwé kékeré kan wà nínú páálí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ewé iwájú ti fà ya, n kò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ títí di òní. Obìnrin dúdú kan tó ti darúgbó ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ níbẹ̀: "mo ṣe báyìí, mo ṣe bẹ́ẹ̀." Ó sọ bí òun ṣe dáná sun ilé tí olóko ìkà kan kó òwú sí. Tíṣà kà á fún mi dé òpin, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà odò. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníwèé ti kọ́ mi pé kí n máa mú ìtàn wọlé, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè rí i. Ta ló ń fi òwú kún ilé lọ́dọ̀ wa? Mo yọ òwú, mo fi kòkó sí i.

Ìyá pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ọjà Elegbeka lónìí, ìwọ nìkan. Tí o bá ṣe é dáadáa, a ó sọ̀rọ̀ fírídọ́ọ̀mù rẹ. Tí o bá ṣe é burúkú, wàá wé ẹ̀pà." Mo wọ lọ́rì, inú mi ń dùn. Ohun tí n kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, ni pé ní ọyẹ́ tó kọjá, ilé kòkó ọkùnrin kan ní Elegbeka ti jó di eérú, wọn kò sì tíì mọ ẹni tó dáná sí i.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní sùúrù.

Mo tẹ́ ẹní, mo to ìwé, mo bẹ̀rẹ̀. Ọjà pé. Mo fún obìnrin náà ní ohùn Ọ̀wọ̀. Mo ní, "Mo ti fara da olóko yìí títí, ara mi kọ̀ ọ́. Mo mú ògúnná lábẹ́ ìkòkò, mo gba ẹ̀yìn ọgbà, mo tì í bọ abẹ́ òrùlé. Mo dúró lẹ́yìn igi. Mo ń wò ó bí kòkó ọdún kan ṣe ń di èéfín, ọkàn mi sì balẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó." Mo pa ìwé dé: pọ́! "Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, kí ó rà á."

Ẹnikẹ́ni kò mí. Mo rò pé adùn ìtàn ni. Mo ń wo ojú wọn, mo ń yọ̀, mo ní lónìí ni mo jẹ́ èèyàn.

Ọkùnrin kan rìn jáde láàárín wọn. Ògúnléye lorúkọ rẹ̀, òun ló ni ilé kòkó tó jó. Ó rọra bi mí pé, "Ọmọdébìnrin, ta ló dáná sun kòkó?"

Inú ìtàn ni mo ṣì wà. Mo ní, "Èmi ni."

"Ìwọ! Kí ni olóko fi ṣe ọ́?"

"Ìkà ni. Òun náà mọ̀ pé ìkà ni òun."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ti pọ̀ lára mi ju aṣọ lọ. Wọ́n gbé èmi àti páálí mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀. Mo ń kígbe pé, "Ìwé ni! Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀!" Wọ́n pe olùkọ́ ìjọ wọn pé kí ó bá wọn wo inú ìwé. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní òótọ́ ni pé "mo" ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ló ń sọ ti ara rẹ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n òwú ni mo rí o. N kò rí kòkó kankan."

Áà! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbiná. "Ẹ rí i! Òun fúnra rẹ̀ ló fi kòkó sí i! Kí ló gbé kòkó dé ẹnu rẹ̀?"

Baálẹ̀ ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Bí ọ̀gá mi kò bá ní àlàyé, àwọn á fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó Baálẹ̀ ni mo sùn. Wọ́n fún mi ní iyán, wọ́n fi èébú ṣe ọbẹ̀ rẹ̀. Mo jẹ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. N kò ronú ọlọ́pàá tó bí mo ṣe ronú pé gbogbo ọjà, láti Elegbeka dé Iyere, á máa pè mí ní asunlé, pé kò sí ẹni tí yóò tún jókòó gbọ́ mi mọ́. Oníṣòwò tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ló kù tó ń tà?

Ní àárọ̀, Ìyá Oníwèé dé pẹ̀lú Tíṣà Jónà. Tíṣà dìde ní tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹni tó ń sọ ìtàn nínú ìwé kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tó ń kà á. Àwọn àgbà ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá ní, "Tíṣà, jókòó." Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó wá yíjú sí mi. "Adéòtí, níbo lo dá ìtàn dúró sí?"

"Ibi tí iná ti ń jó, Màmá. Bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Mo kọ́ ọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo sì rán ọ wá sọ ẹ̀fà fún ẹni tí ilé rẹ̀ jó." Ó kọjú sí Baálẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá parí rẹ̀ tí ẹ ṣì rí asunlé nínú rẹ̀, ẹ mú èmi náà mọ́ ọn."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi níwájú gbogbo ìlú.

Baálẹ̀ ní, "Ìyá, èwo tún ni ti ẹ̀yìn?"

"Ẹ má bínú, Baálẹ̀. Ojú máa ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Etí mi ni mo fẹ́ kí ó dájọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí ilé ṣe jó tán. Mo sọ bí olóko àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe dé pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é. Mo sọ bí obìnrin náà ṣe yíjú, tó rí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí eérú ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Mo bọ́ síwájú. Mo ní, èmi ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́: mo mú ògúnná, mo gba ẹ̀yìn ọgbà. Mo ti sọ ọ́ títí tí mo fi ń gbóòórùn èéfín náà lára aṣọ mi. Ẹ̀yin ará mi, n kò dé ẹ̀yìn ọgbà yẹn rí. Ọmọ mi ló dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún béèrè lọ́la, èmi náà ni."

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, Ìyá Oníwèé ti yí padà. Ó ń wò mí.

Ìyá àgbà kan wá dìde láàárín àwọn obìnrin. Ìyá tó bí Ògúnléye ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ sílé. Èmi ni mo gbàgbé iná sí ẹ̀gbẹ́ ilé kòkó yẹn."

Ògúnléye fò dìde. "Ìyá! Imeri lẹ wà lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sìn yín dé ibẹ̀!"

"Mo ní èmi ni."

Kò wo ọmọ rẹ̀. Ìyàwó kékeré Ògúnléye ni ojú rẹ̀ wà lára, ọmọge kan tó jókòó lẹ́bàá ògiri tó ti fi ìṣẹ́tí aṣọ bo ojú, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ògúnléye tẹ̀lé ojú ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó jókòó.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Baálẹ̀ ní, "Ẹ gbọ́ ọ. Ìyá ní òun ni. Ta ni nínú yín tí yóò fa ìyá tó bí i lọ sílé ẹjọ́ nítorí kòkó?" Ògúnléye mi orí. Baálẹ̀ ní ọ̀ràn ti parí, kí wọ́n kó páálí mi fún mi.

Ìyá àgbà náà wá bá wa nídìí lọ́rì. Kò mọ Á yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àlùkò. Ó nawọ́ sí ìwé kékeré yẹn, ó béèrè pé, "Ṣé títà ni?"

Mo ṣí ẹnu láti dá a lóhùn. Ìyá Oníwèé gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó nù ún lára ìró rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní, "Kì í ṣe títà." Ẹni tí kì í fi ìwé tọrẹ! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Pa ẹnu dé, òmùgọ̀." Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ló ní, "Lọ sọ fún bàbá rẹ kí ó wá ṣe fírídọ́ọ̀mù rẹ."

Mo ta ìwé títí irun mi fi funfun. Mo padà sí Elegbeka láìmọye ìgbà, wọ́n á sì máa kígbe láti òkèèrè pé, "Asunlé dé o! Ẹ gbé kòkó yín sá!" Ẹ̀rín á sọ, ọjà á tà. Orúkọ tí mo bẹ̀rù ló di orúkọ ọjà mi. Ní ti Tíṣà Jónà, Amẹ́ríkà kò gbà á, èmi ni mo gbà á. Ẹni tó ka ìwé ọ̀fẹ́ nísọ̀ mi tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó fi ara san án. Títí ó fi kú, ó ń kà, mo ń sọ.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Mo ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ohùn rẹ̀ ń dé gbogbo àdúgbò nígbà kan, mo rò pé mo ti gbọ́n. Àwọn èèyàn jókòó sí ilé wọn, wọ́n gbọ́ ìtàn gbogbo, kò sí ẹni tó wá. Mo tà á fún wòlíì kan. Fotokọ́pì dé: akẹ́kọ̀ọ́ kan á ra ìwé, gbogbo kíláàsì á kà á. Fóònù wá dé, ìwé wọ inú rẹ̀, mo ti ìsọ̀ mi. N kò sunkún. Ohun tí mo ń tà gan-an kò sí nínú páálí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Fadékẹ́mi. Baba rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ń kánjú. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, tiyín ló máa ń gbọ́."

Mo fa àga mi, mo kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà. Mo ní, "Ó yá. Sọ ọ̀kan nínú ìtàn wọn tí o ní o fẹ́ lọ kọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. "Mo" ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọkùnrin àgbà kan tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, mo gbọ́ ìyàwó rẹ̀, mo gbọ́ ọmọ kan tó ń purọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ẹni tó ń sọ̀rọ̀, n kò sì béèrè. Nígbà tí mo máa mọ̀, mo ti yí padà, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi: baba rẹ̀ ti jókòó, kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ náà dákẹ́ lójijì.

Baba rẹ̀ ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló wá ṣe ọmọ náà?"

Fadékẹ́mi ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù," ó ní, "kí ó san owó yunifásítì."